Ojú Kan fún Pásítọ̀ Márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ẹni tó bá sáré sọ ìtìjú ara rẹ̀, irọ́ ló fẹ́ fi bò ó.

Átíìsì ni mí, àwa tí à ń kun pátákó. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ṣàngó-Ọ̀tà bí olú lẹ́yìn òjò, tí wọ́n ń kó adìyẹ jáde nínú ilé adìyẹ ní Ìjọ̀kó kí wọ́n lè kó àga wọ̀ ọ́, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá kun ojú pásítọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò kun ojú ẹnikẹ́ni rí. Ojú kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n kùn. Ara kàlẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ni mo ti wò ó: ọkùnrin pupa kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán, irun tó fà sẹ́yìn, ẹ̀rín bíi ti ẹni tí kò jẹ gbèsè rí. Bí pásítọ̀ bá dé, mo máa ní kó jókòó, màá wò ó bí télọ̀ ṣe ń wo oníbàárà, màá wá lọ kun ọkùnrin kàlẹ́ńdà. Táì nìkan ni mo ń pààrọ̀. Èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò á wò ó, á ní, "Átíìsì, Ọlọ́run wà lọ́wọ́ yín. Èmi gan-an rèé."

Òṣìṣẹ́ fákìtọ̀rì kan láti Agbára wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń mirí. "Ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀ tí ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo yìí ń gbìyànjú o. Ẹ̀ka mẹ́rin, ọdún méjì péré." Mo ní oore-ọ̀fẹ́ ni.

Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ló mú mi. Ọmọ oko lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ ni pásítọ̀ yẹn, àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn débi pé páúdà ń jókòó sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá láti oko fún ìyàsímímọ́ ilé ìjọsìn. Mo wà lórí àkàbà, mò ń parí táì, nígbà tí ìyá dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

"Ta ni ẹni yìí?"

"Pásítọ̀ ni, Màmá. Ọmọ yín."

Ó wò ó títí. "Rárá. Èmi ni mo gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ nílà. Ó ké títí ó fi tọ̀ sí mi lára. Eléyìí ò tọ̀ sí mi lára rí."

Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó ní òun kò ní wọ ilé onílé. Pásítọ̀ jáde wá bẹ̀ ẹ́. "Màmá, ojú ti ẹ̀mí ni wọ́n kùn."

"Ojú ti ara ni mo bí."

Àwọn ọmọ ìjọ ti ń wò. Pásítọ̀ yíjú sí mi: "Ẹ fa ìlà yẹn sí i, jọ̀ọ́, kí Màmá lè wọlé."

Mo fa ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin kàlẹ́ńdà. Ìyá gbójú sókè. "Ológbò wo ló ha ọkùnrin yìí?"

Ẹ̀rín sọ láàárín wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pe ara mi ní átíìsì, ìyá tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí sì ti rí i pé n kò lè kun ènìyàn. Bí n kò bá lè kun ọ̀kan yìí, a jẹ́ pé ọkùnrin kàlẹ́ńdà ló ni ọwọ́ mi.

Mo fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ní kí pásítọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó nu páúdà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wò ó. Ilé aládùúgbò ni ìyá ń sùn. Mo rí i pé ọ̀kan nínú etí pásítọ̀ tóbi ju èkejì lọ. Mo rí i pé bí kò bá wàásù, ẹnu rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tó fẹ́ sunkún. Ohun tí mo pè ní ìlà, kòtò ni, òjìji ń sùn nínú rẹ̀. Mò ń kùn ún, mò ń pa á rẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo parí, ìyá gbé ẹrù rẹ̀, ó wọlé.

Pásítọ̀ ló sọ̀rọ̀. "Átíìsì, ó jọ mí." Mo dúpẹ́. "Ó jọ mí jù. Ta ló máa wá gba ìwòsàn lọ́wọ́ eléyìí?"

Ní ọjọ́ tí ìyá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, pásítọ̀ ní kí n dá ojú àkọ́kọ́ padà. Mo ní ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní mo ń gbéra ga, kò purọ́. Ó sọ fún àwọn pásítọ̀ yòókù, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tó pè mí mọ́. Fléẹ̀sì, àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ọ̀rá, ló gbé kọ́ síbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ti fọ ojú rẹ̀ mọ́ ju ti ọkùnrin kàlẹ́ńdà lọ. Tíṣà yunifásítì kan gbọ́ ìtàn náà, ó ní ìrìn-àjò lọ sínú ara mi ni mo rìn. Mo ní orí àkàbà ni mo wà, n kò rìn lọ síbì kankan.

Ìyá ló tọrọ pátákó náà, wọ́n dè é mọ́ orí ọkọ̀ fún un. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, mo lọ wo ìyá lóko. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló fi pátákó náà ṣe. Àwọn ọmọ ilé ń tì í wọlé, wọ́n ń kí i: "Ẹ káàárọ̀, Pásítọ̀." Eéfín ti bò ó. Mo ní kí n tún un kùn fún wọn.

Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Fi í sílẹ̀. Bó ṣe ń dúdú yìí, ó ti ń jọ bàbá rẹ̀ bọ̀."