Ológò Tí Wọ́n Rán Sílé Wa Nítorí Owó Ẹ̀kọ́

Ọkùnrin náà dé ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní òwúrọ̀, kété tí bàbá mi kírun tán. Ó gbé ẹní kọ́ èjìká, ó sì kí gbogbo wa dáadáa. Ìyá mi rò pé ẹni tó wá ra epo ni, ó bu omi fún un. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó wá tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè wọlé tàbí jáde láì ré ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ó ní, "Tísà Òde-Omi ló rán mi wá. Owó ẹ̀kọ́ ọmọ yín ló ní kí n gbà. Mi ò ní í dìde níbí títí ẹ ó fi san án."

Ìyá mi gba igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo wọ yàrá lọ sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti rán ológò sí wa.

Ẹni tó bá dàgbà ní ayé ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ológò jẹ́. Nígbà náà, bí ẹnìkan bá sọ pé o jẹ òun lówó, tí o kò san án, ó lè háyà ọkùnrin kan kó wá jókòó tì ọ́ nínú ilé rẹ. Kì í na ènìyàn, kì í sì í jí nǹkan. Jíjókòó náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó jókòó tì ni yóò máa bọ́ ọ. Bí oúnjẹ bá pẹ́, adìyẹ ilé ni yóò mú. Àwọn tó ń kọjá á rí i, wọ́n á mọ̀ pé gbèsè ń bẹ nínú ilé yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín dòwò pọ̀ mọ́. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ti wà ní ilẹ̀ wa nígbà náà kò fẹ́ràn àṣà yìí rárá, ṣùgbọ́n àdúgbò wa kọ́ ni wọ́n ń gbé.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni, ó ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì ti di onígbàgbọ́. Ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún gbogbo ènìyàn ni. Ó rí i pé àwọn tó ń ra epo lọ sí Èkó ń wá àwọn tó lè kọ̀wé, tó sì lè gbọ́ èdè òyìnbó. Ó mọ Tísà kan ní Òde-Omi tó dàgbà ní Èkó, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní iṣẹ́ akọ̀wé fún ọdún mẹ́ta. Ó wá bá bàbá mi sọ ọ́. Bàbá mi kò kọ́kọ́ gbà, nítorí ìmàle ni wá. Ó bi í bóyá wọn kò ní í sọ ọmọ òun di onígbàgbọ́ tipátipá. Àbúrò ìyá mi ní Tísà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun ni yóò sì dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Bàbá mi san owó ọdún kìíní kí n tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀.

Mo fẹ́ràn Òde-Omi. Ọmọ inú igbó ni mí, mi ò rí omi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a bá ń kàwé lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa ṣí ìwé wa láti ojú ewé kan sí òmíràn, Tísà á sì ní kí a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo aṣọ mi ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́kọ̀ á máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú tí wọ́n ti dé, èmi á sì máa ronú èyí tí mo máa kọ́kọ́ lọ nínú wọn bí mo bá di akọ̀wé.

Ọdún kìíní ń parí lọ nígbà tí ìyá mi ránṣẹ́ pe mí. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi kọjú sí mi, ó ní, "Ta nìyẹn?" Àfi ìgbà tí mo dá a lóhùn ni ojú rẹ̀ tó tú ká. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ta epo fún un ní Màmú ti mọ̀ kí a tó mọ̀, wọ́n sì ti ń da omi pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó bí. Kò pàṣẹ fún mi pé kí n dúró. Ó kàn ní, "Bí o bá padà lọ, mi ò mọ ẹni tí yóò bá mi yẹ ìkòkò wò."

Mo padà sí Òde-Omi láti lọ sọ fún Tísà pé n kò lè parí ẹ̀kọ́ náà. Ó bá mi kẹ́dùn gidigidi. Ó pe ìyàwó rẹ̀, òun náà bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni Tísà ní, "Ìgbà wo ni bàbá rẹ yóò san ti ọdún méjì tó kù?"

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní, "Sà, èmi ò ní í sí níbí ní ọdún méjì náà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta la jọ sọ. Àwọn mìíràn wá nígbà tí o wá, mo dá wọn padà nítorí pé mo ti fún ọ ní àyè."

"Ẹ fi ẹlòmíràn sí àyè náà, sà."

"Ẹlòmíràn wo? Wọ́n ti lọ síbòmíràn. Òfìfo ni àyè rẹ yóò wà, mo sì ti fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò mi."

Kò bínú sí mi. Ó fi sùúrù sọ ọ́ bí ìgbà tó ń kọ́ wa ní nǹkan tó ṣòro. Mo dágbére fún un, mo sì wọ ọkọ̀. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ó ní, "Ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, mi ò ní í san owó rẹ̀." Bí a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, títí ológò fi dé.

Ní ọjọ́ kìíní, a rò pé yóò sú u. A gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, ó yin ọbẹ̀ ìyá mi. Ọmọ Ìbíadé ni, apẹja ni tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀yìn tó máa dùn ún. Òfin tó fún wa kò pọ̀: ènìyàn lè jáde, ẹrù kò gbọdọ̀ jáde. Epo tí bàbá mi ti rà sílẹ̀ láti kó lọ sí etí omi wà nínú ilé, a kò lè gbé e. Aṣọ tí àbúrò mi obìnrin ń hun wà lára òfì, ó hun ún tán, kò lè gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Àwọn oníbàárà á yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á rí ẹní yẹn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ṣe bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ.

Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ara wa. Ìyá mi kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè mọ́. Bí mo bá fẹ́ jáde, màá kọ́kọ́ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, títí yóò fi fà wọ́n mọ́ra kí n lè kọjá. Ó ń fà wọ́n mọ́ra nígbà gbogbo, kò jẹ́ kí n bẹ òun. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi, kí n lè bú u padà.

Mo ń mú bàbá mi lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sí ẹni tó bi í léèrè níbẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n sì bá a tẹ́ ẹní. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní kí n má mú òun wá mọ́, òun á máa kírun nílé.

Ìyá mi fẹ́ ta àwọn aṣọ rẹ̀ ká lè sanwó. Bàbá mi ní bí ó bá ta ọ̀kan nínú wọn, òun kò ní í jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ó ní kì í ṣe owó náà lòun ń rò, irọ́ ni gbèsè náà, òun kò sì ní í fi owó sọ irọ́ di òótọ́. Ìyá mi ní, "Òótọ́ tàbí irọ́, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà." Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn èyí. Èmi wà láàárín wọn, mò ń jẹ́ ìránṣẹ́ láti yàrá dé ilé ìdáná. Lójoojúmọ́ ni mo ń rò ó pé ká ní n kò lọ sí Òde-Omi, gbogbo rẹ̀ kì bá ti ṣẹlẹ̀. Bó bá yá, màá tún rò ó pé ká ní n kò kúrò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kì bá ti ṣẹlẹ̀. N kò rí ọ̀nà kan tí mo lè gbà láàárín méjèèjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó ti ológò náà. Mo bi í pé, "Ṣé kì í sú yín ni?"

Ó ní, "Ìwọ ń rìn káàkiri ilé, o ń lọ, o ń bọ̀. Èmi kò lè kúrò lórí ẹní yìí àfi ìgbà tí mo bá fẹ́ lọ gbọnsẹ̀. Ìyàwó mi wà nínú oyún ní Ìbíadé. N kò mọ̀ bóyá ó ti bí." Ó wo ojú ọ̀nà díẹ̀. "Àfi tí ẹ bá san ni Tísà yóò tó san tèmi."

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá àbúrò ìyá mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Pákó ló ń fá nígbà tí mo dé. Ó ní ìwà mi lòun ṣe onígbọ̀wọ́ fún, kì í ṣe owó. Mo ní kó wá sọ bẹ́ẹ̀ lójú Tísà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pákó. Ó wá jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má tẹ́ ẹní kan sí iwájú ṣọ́ọ̀bù òun náà. Ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí Tísà pé kó wá, kí àwọn àgbà àdúgbò wa dá sí i.

Tísà wá. Ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì kí bàbá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwa àti àwọn àgbà jókòó ní àgbàlá. Ó sọ tirẹ̀, bàbá mi sọ tirẹ̀, àbúrò ìyá mi sọ ti ìwà àti ti owó. Ọ̀rọ̀ náà ń yí sí ibi kan náà. Tísà ní àyè mi lòun ń gba owó lé lórí, yálà mo wà níbẹ̀ tàbí n kò sí. Ó ní òun yá owó láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó yá òun lówó kò sì ní í bi òun léèrè bóyá ojú bàbá ẹnìkan fọ́.

Àbúrò mi obìnrin wà lẹ́yìn, nídìí òfì rẹ̀. Kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà rí láyé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun. Bí ó bá jẹ́ pé àyè náà la ń sanwó rẹ̀, a jẹ́ pé tiwa ni àyè náà. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó síbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Tísà ní, "Ọkùnrin ni mò ń kọ́."

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà náà bi í pé, "Àyè tó ṣófo yẹn, ṣé ọkùnrin ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Àgbà náà ní bí Tísà bá gba owó, kó gba ọmọ. Bí kò bá gba ọmọ, kó pe ọkùnrin rẹ̀ dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìkẹyìn, Tísà ní òun á gba owó ọdún kan, òun á sì fojú fo èkejì. Ọ̀dọ̀ ìyàwó òun ni ọmọbìnrin náà á máa sùn.

Bàbá mi ló kù. A rò pé yóò kọ̀. Ó bi àbúrò mi pé, "Ṣé o fẹ́ lọ ni, àbí nítorí tiwa lo ṣe sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ lọ, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ lọ."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ Òde-Omi fún wọn nílé, èmi rò pé òun kò gbọ́, nítorí pé kì í gbé ojú kúrò lára òwú. Inú mi dùn fún un, ó sì tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò lè wo ojú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní kí ológò jẹ́ kí ẹrù jáde, kí a lè tà nínú rẹ̀ san owó náà. Nígbà tí a san án, ọkùnrin náà fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Èmi ni mo fà á sókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi fún gbogbo oúnjẹ tó jẹ, ó ká ẹní rẹ̀, ó sì lọ. Ìyá mi gbá ibẹ̀ léraléra ní ọjọ́ náà.

Mo sin àbúrò mi dé etí omi. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ṣinṣin bí èmi náà ṣe dì í mú nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà yí kọ́nà, mo gba ọ̀nà ilé, nítorí pé ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà, wọ́n sì ń retí mi ní Màmú.

Ó wá kí wa nígbà iléyá. Àwọn ará àdúgbò kún àgbàlá wa láti gbọ́ bó ṣe ń ka èdè òyìnbó. Bàbá mi jókòó sí àárín wọn, ó gbé orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ gbogbo ohun tó ń kà, mo sì mọ ibi tó ti ṣì í kà. Mo dúró gbọ́ ọ díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnìkan pè mí níta, ẹni tó kó epo wá ló dé. Mo jáde lọ bá a yẹ ìkòkò wò.