Abẹ́rẹ́ Tó Dì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Onífíríìjì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀ kí ẹ má sì tètè pa á dé. Òun ló ń tọ́jú àjẹsára ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa, nínú yàrá tóóró kan tí kò gbà ju fíríìjì àti àga kan lọ. Dókítà pàápàá kì í wọ ibẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, bàbá ti dé ìdí jẹnẹrétọ̀, á máa fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó yarí. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé fíríìjì ló gbé níyàwó.

Yẹ̀yẹ́ yẹn kò dára tó, nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló pa ìyàwó rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn yìí dé fún àwọn ọmọbìnrin, bàbá ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń bẹ àwọn òbí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe bàtà ní ìkòríta ló ṣorí kunkun jù.

"Ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láyé tá a wà yìí?" Oníbàtà bi í.

"Èmi ni kó o gbà gbọ́, má wo tiwọn. Ọwọ́ mi ló máa gbé e dé ilé ìwé wọn. Mo fi ìyá àwọn ọmọ mi tó wà nínú ilẹ̀ búra fún ẹ, kò ní lábùkù."

Oníbàtà wò ó títí, ó gbé òòlù sílẹ̀. "Ó dáa. Nítorí tìẹ ni o."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ gún àwọn ọmọ ní ilé ìwé, oòrùn ti mú ganrínganrín. Àwọn ike yìnyín ni wọ́n máa ń tò yí àjẹsára ká nínú kúlà tí wọ́n fi ń gbé e. Bí wọ́n bá ti kó àwọn ike náà jáde nínú fíríìsà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n làágùn, títí omi á fi máa mì nínú wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ á dì, èyí tó bá sì ti dì kò lágbára mọ́, bó tilẹ̀ tún yọ́. Bàbá mọ èyí bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n ooru ọjọ́ náà bà á lẹ́rù, ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó ní ooru kò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ yìí lójú òun. Ó kó ike náà sínú kúlà ní líle bí òkúta. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àwọn ìgò tí nọ́ọ̀sì kó sórí tábìlì ti yọ́ kó tó lò wọ́n, kò fura. Ìgbà tí wọ́n gún ọmọ tó kẹ́yìn tán ni bàbá ń palẹ̀ kúlà mọ́, ó sì rí ìgò kan tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ó gbé e sókè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò mì.

Kí ó tó mọ ohun tí ó máa ṣe, ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà lára àwọn tí wọ́n gún, ti sáré dé, ó di ejìká tí wọ́n gún mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, ohun tó pa màámi ò lè pa mí mọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ.

Gbólóhùn yẹn ló bá a délé. Kò lè jẹun. Àwọn ìyá ń kí i lójú ọ̀nà pé ó káre, ìkíni kọ̀ọ̀kan ń gún un lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá nọ́ọ̀sì, ó jẹ́wọ́.

"Bàbá! Ẹ̀yin kẹ̀?" Nọ́ọ̀sì jókòó wọ̀ọ̀. "A máa tún gbogbo wọn gún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fẹnu yín sọ fún àwọn òbí."

Ó dúró níwájú wọn ní ilé ìwé. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Kò ní pa wọ́n lára, ṣùgbọ́n kò ní dáàbò bò wọ́n." Ariwo ta. Wọ́n bú u, wọ́n kùn, lẹ́yìn náà wọ́n tún fa ọmọ wọn kalẹ̀ fún abẹ́rẹ́ tuntun. Oníbàtà nìkan ni kò fa ọmọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"O fi òkú búra fún mi," ló wí, ó sì mú ọmọ náà lọ.

Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìkòríta. Bó bá ti yọ, òòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkan, kò ní dákẹ́ títí á fi kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà lọ, òòlù kan náà ló gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ Oníbàtà dá a dúró lẹ́bàá ògiri ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ṣé èyí tẹ́ ẹ fún mi ò wá ní ṣiṣẹ́ rárá ni? Kódà díẹ̀?"

Irọ́ dídùn ti dé ẹnu bàbá. Ó gbé e mì.

"Kò ní ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀bi mi ni."

Ọmọ náà mi orí. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí, ó sì lọ sílé.