Àdúrà tó Gbé Iṣẹ́ Ìwádìí Mi Mì

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí kòrónà gbé wa lọ, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa, àti ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ti ọ̀nà pa mọ́ ọn, tó sì lo oṣù mẹ́rin. Ọpẹ́ ni pé a jẹ, a yó, a kò sì bá ara wa jà lójú àwọn ọmọ. Mo tún dúpẹ́ ní pàtàkì pé Ó ní sùúrù fún àdúrà tó gùn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní in.

Katikíìsì ni bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléṣà. Ilé-ìwé ìjọ ni mo lọ láti kékeré títí mo fi parí gírámà. Bàbá mi gbà pé tí àdúrà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn aboyún, àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti olórí ìlú, àdúrà náà kò tíì kúrò nílé. Ó tún kọ́ mi pé tí agogo bá dún nígbà ìsìn, kí n kúnlẹ̀ kíá, kí n má bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni mo gbé wá sí Port Harcourt lọ́dún 1999, nígbà tí mo wá ṣe agùnbánirọ̀. Ọdún kan péré ni wọ́n sọ fún wa. Mo ṣì wà níbẹ̀. Yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, Elekahia ni à ń gbé, ìjọ wa sì wà ní Rumuomasi.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, mo ti pẹ́ lórí ipò kan ṣoṣo débi pé akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọmọ Ikwerre kan tó máa ń sùn ní kíláàsì mi, ti di ọ̀gá ẹ̀ka wa. Ọmọlúwàbí ni. Dádì ló ń pè mí. Tó bá fẹ́ fún mi ní ìwé ìbáwí, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fún mi. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

“Dádì, abeg,” ló wí. “Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù kí fáìlì ìgbéga yín tó pé, pé ẹ ka iṣẹ́ ìwádìí níbi àpérò. Àpérò tiwa bọ́ sí Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti fáìlì pa. Tó bá tún bọ́ lọ́wọ́ yín, ó di ọdún mẹ́ta. Ojú máa ń tì mí kí n máa rán yín níṣẹ́.”

“Ojú ń ti èmi náà,” ni mo dá a lóhùn.

Àpérò yìí dá lórí ohun tí kòrónà fojú wa rí, ẹ̀rọ ìgbàlódé, àti ìmọ̀ àwọn baba wa. Mo ní iṣẹ́ tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Nígbà kónílé-ó-gbélé, àwọn ìyá ìjọ wa kò lè rí ara wọn, ni wọ́n bá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù: bí a ṣe ń se efinrin pọ̀ mọ́ ewé gúáfà àti ọsàn wẹ́wẹ́, kí a fi aṣọ borí, kí a fa ooru rẹ̀ símú. Mo kó àwọn ohùn wọ̀nyí jọ. Ṣùgbọ́n ògidì iṣẹ́ náà ni ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo ohùn tó ti àdúgbò Rumuokwurushi wá ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ fa ooru náà wọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn kan ní kó jẹ́ funfun lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, dúdú lẹ́sẹ̀ òsì. Ìyá kan ní kí á dojú kọ odò. Mo kọ ojú ewé mẹ́sàn-án lórí ìbọ̀sẹ̀. Mo ní ìmọ̀ àtayébáyé ni, tó so Yorùbá pọ̀ mọ́ àwọn ará etí odò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyàwó mi ka á tán, ó wò mí, ó ní, “Dádì wọn, ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú.

Ní Ọjọ́rú, òjò rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Pásítọ̀ tí wọ́n pè láti wá fi àdúrà ṣí àpérò tẹ̀ wá láago pé odò ti gba ojú ọ̀nà, òun wà nínú ọkọ̀, omi sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú òun. Alága wa, ìyá kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kì í fi àkókò ṣeré, wo gbọ̀ngàn yíká. Ojú rẹ̀ bà lé mi.

“Ah-ah, ṣebí Pásítọ̀ wà níbí. Ẹ bọ́ síwájú, sà.”

Èmi kì í ṣe pásítọ̀ o. Mo parí ìpàdé kan pẹ̀lú àdúrà lẹ́ẹ̀kan péré ni, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi lára. Arábìnrin tó jókòó tì mí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì, fa apá aṣọ mi.

“Bùọ̀dá, ìṣẹ́jú méjì o. Ẹ má gbé wa dé Jerúsálẹ́mù.”

“Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀,” ni mo wí.

“Mo mọ̀ yín,” ló wí, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí wa, mo dúpẹ́ fún òjò. Mo gbàdúrà fún alága, fún gíwá, fún gómìnà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹnì kan ṣe Àmín láti ẹ̀yìn, ó ròkè gan-an. Bóyá ó ní ọkọ̀ ojú omi. Ara mi yá. Mo wá dé orí kòrónà, ibẹ̀ ni nǹkan ti yíwọ́. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ mi sórí. Bí mo ṣe ní, “Olúwa, Ìwọ lo rí wa nígbà kónílé-ó-gbélé,” ni ẹnu mi bá bọ́ sí ojú ọ̀nà tó ti mọ̀.

“Ìwọ lo rí àwọn ìyá ìjọ ní Rumuomasi, Bàbá, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́. Ìwọ lo mọ bí ìránṣẹ́ Rẹ ṣe kó àwọn ohùn náà jọ, tó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Gẹ́gẹ́ bó ti hàn níwájú Rẹ nínú àtẹ kejì, Olúwa…”

“Àmín!” ni gbogbo gbọ̀ngàn wí.

Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri gbọ́ “àtẹ kejì”, ó rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé àtẹ kejì mi sára ògiri. Láti ibẹ̀ lọ, bí mo ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ló ń ṣí i tẹ̀ lé mi. Ojú mi wà ní dídì, n kò mọ̀ rárá. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kan ń fi ojú kan wo ògiri, wọ́n ń di èkejì fún ọ̀wọ̀.

Ọ̀gá mi ló ń ṣọ́ àkókò. Agogo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún un. Kò lè sọ fún mi pé kí n dákẹ́, ó kàn lu agogo náà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ó tún lù ú, kíkan. Mo dojú bolẹ̀, àdúrà sì wá wọlé sí i. Wọ́n ní alága fúnra rẹ̀ ló sáré gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù ń bà á pé mo máa yí gbiri.

Nígbà tí mo ṣe Àmín ìkẹyìn, tí mo lajú, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti lọ. Mo wo ẹ̀yìn. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀.

“A dúpẹ́, Pásítọ̀,” ni alága wí. Ó fa bírò yọ, ó wo ìwé ètò. “Àkókò tí ẹ jẹ, ibì kan gbọ́dọ̀ bì í. Iṣẹ́ méjì la máa yọ kúrò lónìí. Tiyín ni àkọ́kọ́.”

Ọdún mẹ́ta! Mo ronú pé kí n tún kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí fún ìyá náà. Ọ̀gá mi dìde.

“Alága, mo tọrọ gáfárà. Iṣẹ́ Dádì ti di kíkà. Láti àtẹ kejì dé ìparí, gbogbo wa la rí i lára ògiri.”

“Ọlọ́run ló kà á fún,” ni alága wí. “Kò kà á fún wa.”

“Ṣùgbọ́n àwa la ṣe Àmín,” ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn.

“Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn! Iṣẹ́ ìwádìí wo la ti ń ṣe Àmín sí láìbéèrè nǹkan kan?” Ó tún wo aago. “Ó dáa. Ìbéèrè kan. Tó bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, mo gbà pé ó kà á. Tí kò bá dáhùn rẹ̀, àdúrà ló gbà.”

Ọmọ Ìjẹ̀bú nawọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ọmọ ilé ni, yóò bi mí ní ìbéèrè tó rọ̀.

“Bùọ̀dá,” ló wí, “kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo lajú nígbà àdúrà. Mò ń ka ara ògiri, mo sì ń gbọ́ ohùn yín. Lára ògiri, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni ìbọ̀sẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dojú bolẹ̀, mo gbọ́ tí ẹ ní, ‘Olúwa, dárí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ jì mí, Ìwọ nìkan lo mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.’ Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?”

Kí n sọ òótọ́, irọ́ kan tó dára wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á fún wọn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èkejì rẹ̀ fún Ọlọ́run lójú wọn?

“Èmi ni,” ni mo wí.

Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ìyàwó mi ń gba ohùn sílẹ̀ ní pálọ̀ fún àwọn ìyá ìjọ, ó ń ṣàlàyé efinrin àti gúáfà. Ìyá rẹ̀ sì ti ń bá mi jà láti òwúrọ̀ pé mò ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìlì tútù. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́, mo kígbe láti orí àga pé, “Ẹ sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ o!” Ohùn mi wọ inú fóònù. Ìyàwó mi fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, ó padà sọ́dọ̀ wa láti ẹnu bàbá àgbà kan tí a kò mọ̀ rí, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn baba ńlá òun ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mò ń kó àwọn ohùn jọ, mo gbọ́ ara mi nínú èyí àkọ́kọ́. Mo yọ ọ́ kúrò. Láìsí ìbọ̀sẹ̀, ojú ewé mẹ́rin péré ni ì bá kù nínú iṣẹ́ náà.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. “Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ yín láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá,” ló béèrè jẹ́jẹ́, “ṣé ẹ wọ̀ ọ́?”

“Mo wọ̀ ọ́, mà.”

“Kí lẹ wọ̀?”

“Ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú.”

Ẹ̀rín tó bú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Ọ̀gá mi kò lè rẹ́rìn-ín. “Dádì,” ló wí, ó dà bí ẹni tí wọ́n jà lólè, “mo ra mẹ́fà. Ìyàwó mi fi wọ ọmọ jòjòló.” Ọmọ Ìjẹ̀bú ní tòun ti ìmọ̀ kẹ́mísírì òun, òun wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ márùn-ún nínú ooru Port Harcourt yìí. Alága dúró kí ariwo rọlẹ̀.

“Èmi wọ tèmi, mo tún dojú kọ odò,” ló wí. “Nítorí náà, ẹ gbọ́, Pásítọ̀. Iṣẹ́ tó wà lára ògiri yẹn, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ẹ sọ fún Ọlọ́run ni kí ẹ lọ kọ. Ẹ dá ohùn yín padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́. Tí mo bá rí i kí n tó jáde nílé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yín. Tí n kò bá rí i, ẹ bá mi ní ọdún mẹ́ta sí i.”

Mo lo Ọjọ́bọ̀ látòkèdélẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń tún ibi tí mo ti fẹ́ pọ́n ara mi lé ṣe, ó ń pa á rẹ́. Lẹ́yìn tí a ṣe tán, ojú ewé mẹ́rìnlá ló jẹ́, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo wà lẹ́nu ọ̀nà alága. Ó fi ẹ̀yìn ti mọ́tò rẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá mi gbé fáìlì náà lọ fúnra rẹ̀. Ìgbéga náà dé kí ọdún tó parí. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo kọ tí n kò kọ́kọ́ bi ara mi bóyá mo lè sọ ọ́ pẹ̀lú ojú dídì.

Ìwọ tó kà á dé ibí, kí Ọlọ́run bù kún ọ, ìwọ àti ilé rẹ. Kó fún ọ ní alábàáṣiṣẹ́ tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè tó yẹ, àti alága tó máa fún ọ ní ọjọ́ méjì láti tún un ṣe. Ohun tó tọ́ sí ọ kò ní kọjá rẹ, ara rẹ yóò le, ẹ̀rín kò sì ní wọ́n nínú ilé rẹ. Àmín.