Ìrìn Ìbínú Sìkírátù

Ọdún tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ ní Houston, tí àwọn ènìyàn ń kó kúrò nínú àpátímẹ́ǹtì láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, ni Shamsudeen náà kó ẹrù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo ló lé e. Ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Làdíátù ló kó lọ, ní Mission Bend. Làdíátù yìí àti Sìkírátù, ìyàwó tí Shamsudeen fi sílẹ̀, jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí kan náà ni.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Sìkírátù. Ó pupa, ó ga, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Yàrá ìfọṣọ ọsibítù kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ooru ẹ̀rọ àti ooru Houston ti ń pawọ́ pọ̀ dá ènìyàn lóró láti àárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà náà, n kò sì ní purọ́, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ jókòó tì. Bí ẹ bá kí i, á wò yín bíi pé ẹ wá jí nǹkan. Bí ẹ kò bá kí i, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.

Ìjà tí gbogbo wa mọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá ọdún 1986. A ti kírun tán nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ háyà, oúnjẹ ti ń lọ káàkiri. Làdíátù lọ jókòó sí iwájú mọ́tò Shamsudeen níta, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síta, ó ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀. Sìkírátù kàn rìn dé ibẹ̀, ó sì da abọ́ ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé e lórí. Kí àwọn ọkùnrin tó là wọ́n, búbá ti ya. Ibẹ̀ ni Làdíátù ti pariwo, ìrẹsì ṣì wà nínú irun rẹ̀:

"Máa padà sínú ilé ẹ tó dákẹ́ bí itẹ́ òkú!"

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ. Sìkírátù kò tíì bímọ.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí Sìkírátù má wá sí ìpàdé mọ́ títí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, èsì tó fún wọn ni pé, "Kí n bẹ ta ni? Kí wọ́n lọ bẹ ìyá wọn."

Bó ṣe di òun nìkan nìyẹn nínú àpátímẹ́ǹtì tí òun àti Shamsudeen jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Fondren. Kì í ṣí aṣọ ojú fèrèsé. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, lẹ́bàá sítóòfù, láti inú ìkòkò. Tí fóònù bá sì dún, á jẹ́ kó dún títí tí yóò fi sú ẹni tó ń pè.

Ẹni kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ni Helen tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀, èébú sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Opó ni Helen, ọmọ Iléṣà, ó fi ọdún púpọ̀ ju Sìkírátù lọ, ó sì ní ọmọkùnrin kan, Dèjì, tó wà nínú iṣẹ́ ológun ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Ní ìdájí, á lu agogo àdúrà, á pe Mímọ́ Mímọ́ Mímọ́, ohùn rẹ̀ á gba inú kápẹ́ẹ̀tì gòkè. Sìkírátù á fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Helen á fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà.

"Helen, agogo ẹ yìí máa fọ́ lọ́jọ́ kan!" ni Sìkírátù máa ń ké láti orí àtẹ̀gùn.

"Ta lò ń pè ní Helen? Èmi tí mo bí Dèjì? Abájọ tí ọkọ fi sá fún ẹ!"

Nínú oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, òòyì kọ́ Sìkírátù níbi iṣẹ́, ó ṣubú lu òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó fún un lóògùn, ó sì ní kó máa fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́.

"Ṣé ìrìn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín?" ni Sìkírátù bi í. "Ṣé n kì í rìn ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá rẹ̀.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó sì kírun alásárì tán. Kì í ṣe ìrìn afẹ́ o. Ìrìn ìbínú ni. Á yí àwọn ilé àpátímẹ́ǹtì náà ká, á kọjá lára àwọn èyí tí ènìyàn ti kó jáde tí wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé wọn, á máa sọ̀rọ̀ sókè. Tó bá dé ibi àwọn agolo pàǹtí ńlá, Shamsudeen ni yóò máa bú. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́, tí omi rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé nítorí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀, ni ó yà sọ́tọ̀ fún Làdíátù. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń gba tiwọn nídìí àpótí lẹ́tà. Òyìnbó kan tó ń gbé lápá ọ̀hún máa ń fa ajá rẹ̀ wọlé tó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi ṣe èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún mi. Ó ní lọ́jọ́ kan òun dé ẹ̀bá adágún náà, òun bá lékeléke kan tó dúró sí etí rẹ̀, ó ń bá ọ̀pọ̀lọ́ jà. Ọ̀pọ̀lọ́ náà tóbi ju ọ̀fun rẹ̀ lọ, kò ṣeé gbé mì, lékeléke kò sì fẹ́ fi sílẹ̀. Sìkírátù dúró, ó ń wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kó tó rántí pé òun kò tíì bú Làdíátù. Inú bí i. Ó padà lọ síbẹ̀ láti lọ bú u, ṣùgbọ́n èébú náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìrìn yìí mú kí ebi máa pa á ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ebi ló jẹ́ kó máa se oúnjẹ gidi. Nígbà tó ti wá se oúnjẹ gidi, ó rí i pé ìwà wèrè ni kéèyàn máa jẹ ẹ̀bà lórí ìdúró, ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì ṣí aṣọ ojú rẹ̀ kó lè rí ohun tó ń jẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un.

Ìkíni ló le jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó pàdé Helen nídìí àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàsán, Ìyá Dèjì."

Helen dúró. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lo fẹ́ gbà?"

"N ò fẹ́ gba nǹkan kan, mà. Mo kí yín ni."

"Mo ti ń ṣọ́ ẹ. Tí mo bá bá ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ ọ̀la, o máa rí ohun tí àdúrà ń ṣe."

Èsì ọ̀rọ̀ yìí ti dé orí ahọ́n Sìkírátù, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ sójú ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn agolo pàǹtí. Lọ́jọ́ kejì ó tún kí Helen. Helen gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá. Ó di ìjà mìíràn láàrin wọn, ọ̀kan ń kí, èkejì ń dijú mọ́rí.

Ààwẹ̀ dé. Tẹ́lẹ̀, ilé ara wọn ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti máa ń ṣínu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é lọ́dún yìí. Ó ń dín àkàrà tirẹ̀ nìkan, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí èéfín lè jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Helen gòkè wá, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà.

"Wo sùtánà mi! Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, ó ń rùn bí àkàrà! Ṣé báyìí ni mo ṣe máa wọlé lọ bá Olúwa?"

"Ìyá Dèjì, mo gba ààwẹ̀, n ò lè bá yín jà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣínu ná."

Ó wo aago, ó dúró títí àkókò fi pé, ó fi èso dàbínù ṣínu, ó mu omi, ó sì padà wá sẹ́nu ọ̀nà. "Ó yá, ẹ máa bá a lọ."

Helen ti gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ó pòṣé, ó sì lọ. Láti ọjọ́ kejì ni Sìkírátù ti ń pa ilẹ̀kùn dé, tó ń ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Helen kò dúpẹ́.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, Sìkírátù wọ léèsì rẹ̀, ó sì wá sí gbọ̀ngàn. Mo wà níbẹ̀. Bó ṣe wọlé ni gbogbo ojú yí sí i. Làdíátù jókòó láàrin àwọn obìnrin, ó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀, ó sì gbóhùn sókè: "Ilé tèmi ò dákẹ́ o! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Shamsudeen ń wo bàtà ara rẹ̀.

Abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ Sìkírátù. Ó rọra gbé abọ́ náà sórí tábìlì, ó sì jáde. A ń wò ó láti ojú gíláàsì bó ṣe ń yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká nínú oòrùn, tòun ti bàtà gogoro, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà, ẹ gbà mí gbọ́. Nígbà tó padà wọlé, òógùn bò ó. Ó lọ tààrà síwájú Làdíátù.

"Ẹ kú ọdún. Ọlọ́run á wo ọmọ náà."

Làdíátù pòṣé, ó yí ojú ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Alhájà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ní, "Sìkírátù, ṣé o ti ṣe tán láti bẹ̀bẹ̀?"

"Rárá, mà. Ọdún ni mo wá ṣe."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Ẹsẹ̀ èmi náà wúwo.

Ó dé ilé, ó bá ìkòkò ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ àti mọ́ínmọ́ín tó ti sè sílẹ̀ láìmọ ẹni tó ń sè é fún. Ó tan rédíò, ó bọ́ bàtà, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú kíṣìnnì. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ṣé torí ọdún yín ni àjà mi ṣe máa já lé mi lórí?" Helen ló dúró síbẹ̀.

"Ẹ wọlé, mà, kí ẹ jókòó bú mi. Orí ìdúró ò dáa fún orúnkún yín."

Helen wo inú ilé. Ó wo ìkòkò. Ó wọlé, ó jókòó, ó jẹ mọ́ínmọ́ín kan, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó jẹ ìkejì, ó ní ìyẹn náà kò yàtọ̀. Sìkírátù ní ẹni tí kò mọ mọ́ínmọ́ín sè kì í mọ iyọ̀ tó pọ̀. Wọ́n jà lé e lórí títí ọbẹ̀ fi tutù, Sìkírátù sì sọ fún mi pé láti ìgbà tí Shamsudeen ti lọ, òun kò ṣe ọdún tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Wọn kò di ọ̀rẹ́. Sìkírátù kò bẹ ẹgbẹ́, kò sì dárí ji Làdíátù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ walẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó ní yàrá ìfọṣọ, nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ó ti ṣeé bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Iléyá ọdún náà fi ń sún mọ́lé, mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́, Helen ló sì fi mọ́tò tirẹ̀ gbé e lọ sí oko àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú láti ra àgbò. Gbogbo ọ̀nà ni Helen fi ń ráhùn pé òórùn ẹran kò ní kúrò nínú mọ́tò òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó tó ni oko náà fa àgbò kékeré kan jáde, Helen ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́ fi ṣọdún? Ẹ dá a padà! Ẹ mú èyí tó ní ìwo wá!"