Ìyeyè Tí Mo Fi Katapílà Ṣí Nípò

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo wà lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ló di irin mú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí òun jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ katapílà wíwà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Kíláàsì kejì ni mo dé nílé ìwé n'Ísẹ́yìn kí bàbá mi tó ní kí n máa bọ̀ lóko. Mo lè kọ orúkọ mi, mo lè ka nọ́ńbà, ìyókù kò yọ mí lẹ́nu. Mo ti rí àwọn tó kàwé dé òpin tí wọ́n gun orí katapílà tí wọ́n ń wá bíréèkì kiri. Irin fẹ̀ǹfẹ̀ iwájú ẹ̀rọ náà, èyí tó ń ti ilẹ̀, bíléèdì là ń pè é. Ẹni tó bá mọ bíléèdì lò ló mọ iṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi n'Íbàdàn máa ń ri ẹyin adìyẹ sínú yanrìn dé ìdajì, yóò ní ká fi bíléèdì kó yanrìn náà tẹyintẹyin. Bí ẹyin bá fọ́, ebi ni o máa bá lọ sílé. Bí kò bá fọ́, tìẹ ni. Àwa mẹ́fà là ń kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo sanra jù.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ìjọba ní kí títì ńlá gba ìlú Ọ̀jọ́ kọjá lọ sí Àgbádárìgì, wọ́n kó wa wá. Mo gba yàrá kan ní Òkókómáíkò, èmi àti Ṣìfáwù ìyàwó mi. Ibẹ̀ la wà tó fi bí àkọ́bí wa. Ilé ìwòsàn ìjọba ló bí i sí, nọ́ọ̀sì sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ bi mí pé ṣé mo ti ránṣẹ́ sí Ìyá Eléwé.

Ìyá Eléwé ni wọ́n ń pe arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ Ìbà, tó ń wẹ àwọn abiyamọ tuntun káàkiri àdúgbò wa. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò se ewé ìyeyè àti ewé akòko sínú ìkòkò, yóò fi aṣọ gbígbóná tẹ ìyá ọmọ nínú, yóò sì fi ọ̀já dì í. Ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ ni o, mọ́ṣáláṣí lò ń lọ ni o, o máa dúró de ìkòkò Ìyá. Igbó rẹ̀, níbi tó ti ń já ewé, wà láàárín Òkókómáíkò àti Ìyànà-Ìbà, kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ewé níbẹ̀ láìkí igi. Bí ó bá fẹ́ bó èèpo, yóò bó díẹ̀ níhà ìlà oòrùn, yóò bó díẹ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn, ó tán. Ó máa ń sọ pé igi tí o bá bó yípo, o ti pa á.

Ibi ọmọ mi, ìdí ìyeyè inú igbó náà ni mo sin ín sí. Ayálégbé ni mí, sìmẹ́ńtì sì ni gbogbo àgbàlá lándílọ́ọ̀dù. Ìyá ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ òun, pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè ní igi. Mo yan ìyeyè nítorí òun ló rẹwà jù.

A ò tíì sọ ọmọ lórúkọ nígbà tí mo débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé àwọn awọnlẹ̀ ti kan èèkàn olórí pupa wọnú igbó Ìyá, wọ́n kàn án jáde ní òdìkejì. Fóòmáànù wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní bí oòrùn ọ̀la bá wọ̀ tí igi kan ṣì dúró níbẹ̀, kí n má padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Mo lọ sílé. Ìyá ń wẹ ìyàwó mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún un látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ó da omi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni yóò wa ẹ̀rọ náà?"

"Èmi ni, Ìyá. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè ní ara mi ò yá."

"Kí wọ́n wá gbé ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tó wà nídìí ìyeyè wá? Lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Ó tún da omi. "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó lè gbé igi láàyè?"

"Ìyá, ó lè gbé ẹyin."

"Ẹyin kọ́ ni mo bi ọ́, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ẹnu rẹ yìí gùn ju ọ̀nà Àgbádárìgì lọ."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Ṣìfáwù nínú ilé. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti bímọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin ti dé pẹ̀lú agbọ̀n, púpọ̀ nínú wọn pọn ọmọ. Wọ́n ń hú rinrin, ẹfinrin àti òdúndún tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn. Ìyá fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn igi tí òun rò pé ó lè yè: ìyeyè, akòko, àti orógbó tí ìyá ìyá rẹ̀ gbìn. Ohun kan ló bẹ̀ mí: kí n má yí ojú wọn padà. Ẹ̀gbẹ́ tó ń rí oòrùn àárọ̀ gbọ́dọ̀ máa rí i níbi tí à ń gbé wọn lọ. Mo ti ìka bọ gírísì, mo fi sàmì sí ara igi kọ̀ọ̀kan níhà ìlà oòrùn.

Fóòmáànù ń wò mí. "Làmídì, igi lò ń kùn lósùn?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ ná. Bí igi kan bá ṣì dúró, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Wọ́n gé ẹ̀ka ìyeyè dànù. Mo sọ bíléèdì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ kan, mo gba èkejì, títí odindi ilẹ̀ tó di gbòǹgbò rẹ̀ mú fi gun orí irin. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ibì kan lára ilẹ̀ náà.

"Ó ń bẹ níbẹ̀," ni ó wí. "Máa lọ."

Mo rọra tì í dé ilẹ̀ ẹbí Ìyá níhà Ìbà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti gbẹ́ kòtò dè wá. Gírísì mi kọjú sí ìlà oòrùn gbọnrangandan. Akòko kò yọ mí lẹ́nu rárá.

Orógbó ló kù. Gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Bí mo ti tì í, ó dún gbàù, ó là láti ìdí dé ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti pín. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé àmì gírísì ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un gbìyànjú, Ìyá."

"Rárá. Oòrùn ti ń lọ. Ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé ọ wá."

Mo ṣe é. Gbogbo ìyókù ni mo wó lulẹ̀, Ìyá sì dúró títí tí èyí tó kẹ́yìn fi ṣubú. Ó wá pe àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n mú ọ̀bẹ wá, kí wọ́n bó èèpo kí ó tó gbẹ.

"Ẹ bó wọn yípo," ni ó wí.

Kò sẹ́ni tó mira. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lára orógbó. Nígbà tó yá, àwọn yòókù dara pọ̀ mọ́ ọn. Fóòmáànù náà rìn wá, ó ní kí wọ́n fún òun ní èèpo ọ̀gànwó díẹ̀, ìyàwó òun wà nínú oyún.

Títí di òní, n kò tíì rí awakatapílà mìíràn tó ṣí igi nípò tí igi náà sì yè. Àkọ́bí mi ti bímọ tirẹ̀, ewé ìyeyè yẹn la fi wẹ̀ ẹ́. Ìyá kò sí mọ́. Mọ́tò ń sáré kọjá lórí ibi tí igbó rẹ̀ wà.

Igi mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Méjì yè. Èyí tó lọ ni orógbó kan, ọ̀gànwó kan, ahùn méjì, ẹ̀ẹ̀rù méjì, asofẹ́yẹjẹ mẹ́ta. Ewé kékeré kan náà wà tó máa ń hù lábẹ́ òjìji orógbó, tí Ìyá máa ń jù sínú ìkòkò kẹ́yìn. A hú u, kò yè níbòmíràn, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo kà á mọ́ àwọn tó lọ. Ó jẹ́ mẹ́wàá.