Irin Tí Kò Ní Jáde Mọ́ Lẹ́sẹ̀ Ìyàwó Dígí

Dígí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, torí pé irin tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, èèyàn lè fi wo ojú. Irin tí àwọn dókítà fi ń tún egungun ṣe ni wọ́n ń rọ níbẹ̀, òun ló sì ń dán àwọn ìṣó rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Àmọ́ tó bá di ti ìyàwó rẹ̀, ó lè jowú ìrọ̀rí.

Ẹni tí Dígí ń jowú rẹ̀ jù ni Oníléru, tí wọ́n jọ wà nínú yàrá iṣẹ́ kan náà. Oníléru ló kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin náà, kí Dígí tó dé. Òun náà ti gbéyàwó, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n Dígí ò gbàgbé.

Àfi bí ìyàwó Dígí ṣe já bọ́ láti orí àkàbà, tí egungun ojúgun rẹ̀ fọ́ yángá. Dókítà ní irin oníhò làwọn máa fi dí àlàfo tó wà níbi tó fọ́, àwọn á sì fi ìṣó dì í mú. Ta ló ń ṣe irin oníhò? Oníléru kan náà ni. Á po ìyẹ̀fun irin àti ìyẹ̀fun funfun kan tí egungun fẹ́ràn mọ́ iyọ̀, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, á rẹ ẹ́ sómi kí iyọ̀ lè yọ́ kúrò, á wá fi iná sun ún. Ibi tí iyọ̀ wà á di ihò, bí inú búrẹ́dì.

“Ṣé ẹ máa yọ ọ́ tó bá jinná?” Dígí bi dókítà.

“Ìṣó nìkan la máa yọ, sà. Irin yẹn ò ní jáde mọ́. Egungun wọn á hù wọ inú ihò rẹ̀, wọ́n á di ọ̀kan.”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn gún Dígí lọ́kàn. Ṣé ìṣó tòun ni wọ́n máa yọ dànù, kí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn wá máa bá ìyàwó òun sùn?

Nígbà tí irin náà dé orí tábìlì rẹ̀ pé kó gé etí rẹ̀ tó mú, Oníléru bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ibi tó ní ihò o.” Ó lọ jẹun. Dígí gbé irin náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé dídán máa ń dí ihò, ó kàn fẹ́ kí ọwọ́ tòun náà wà níbẹ̀ ni. Ó ní díẹ̀ ni òun máa dán. Díẹ̀ di gbogbo ẹ̀.

Oníléru dé, ó kán omi sí i. Irin oníhò tó dáa máa ń fa omi mu. Omi yìí yí gbirigbiri, ó bọ́ sílẹ̀. Dígí tẹjú mọ́ omi náà nílẹ̀. Egungun wo ló máa ráyè wọ ibi tí omi ò lè wọ̀? Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ bà jẹ́ yìí.

Oníléru ò pariwo. Ó ju irin náà sínú agolo ìdọ̀tí, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì mú òmíràn jáde tó rí bákan náà.

“Méjì lo ṣe ni?”

“Ìyàwó yín ló ní kí n ṣe méjì, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ máa dán ọ̀kan.”

Ojú ti Dígí débi pé kò lè gbórí sókè. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

“Ìgbà wo,” ó ní, “ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì ráyè jọ sọ̀rọ̀?”