Ilà Méjì Tí Wọ́n Fi Pe Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́bùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi lè rọ̀: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe ọ̀bùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ki ìyẹ̀fun sínú ìgò tánganran tí kò ju ọmọ-ìka lọ, tí ẹ̀rọ olóòfà ńlá á sì máa yí i bí òkòtó, kó lè hàn bí ohun inú rẹ̀ ṣe tò. Bí kò bá kì í dọ́gba, ìgò á fọ́. Ìkankan ò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ náà, tí mo ń gba kọ́kọ́rọ́ àti aago àwọn tó ń wọlé kí òòfà má baà fà wọ́n, nítorí náà ojú mi ló ṣe.

Gíláísíìnì ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, èyí tó kéré jù nínú àwọn amino ásíìdì tí ara wa fi ń kọ́ra. Níbi tó yẹ kí ilà kan wà lórí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, méjì ló wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá yàrá náà bá jágbe lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́: "Ìdọ̀tí lo kì mọ́ ọn! Ọ̀bùn! O ò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí mọ́ láti ọ̀la."

Ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́sàn-án jù! Orí mi gbóná, mo dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, jókòó." Ó wá kọjú sí i. "Ìgò mi mọ́, sà. Yàrá ọ̀rinrin tí ẹ kó ìyẹ̀fun náà sí fún oṣù mẹ́ta ló fà á. Nǹkan kan náà ni, apá kan ló yí ìtò padà. Ẹ jẹ́ kí n yọ́ ọ sómi. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí, á ṣì hàn nínú omi. Bó bá jẹ́ ìtò, omi á tú u ká, ilà kan á kù."

"Bí méjì bá tún jáde, kó ẹrù rẹ."

"Bó bá jẹ́ ọ̀kan ńkọ́?"

Ìyẹ̀fun inú ìgò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi dà jáde lójú wọn, tó yọ́ ọ sómi, tó sì tún gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Ìwé jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

"Ó dáa, padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ò mira. "Ibi tí ẹ ti pè mí lọ́bùn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà á."

"Ilà kan," ó kùn.

"Àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́."

"Ilà kan!"

"Ta wá ni ọ̀bùn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yára bọ́ sọ́dọ̀ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó nawọ́ kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú gírígírí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi bi yín ní ìbéèrè, sà."